Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Yóò Sọ fún Ọ̀gá pé Nǹkan Ti Ń Bàjẹ́?

Láti ìgbà tí a ti kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan lójú ewé yìí nípa ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi máa ń dìde padà lẹ́yìn ìjàǹbá tí àwọn mìíràn sì máa ń wó pátápátá, ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa. A mú márùn-ún jáde lára wọn. Ibi tí oníkálukú gbà yọ sí ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí ni àṣà àwọn ènìyàn, ìyẹn ìwà tí wọ́n ń hù sí ara wọn lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé òfin kan pa á láṣẹ, ní í ṣe pẹ̀lú bí iléeṣẹ́ wọn ṣe ń kojú ewu? A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

*Olóòtú ọ̀wọ́n, iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, èmi ni mo sì ń ṣètò ẹni tí a ó fi ṣe olórí iṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá mi gbà pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n bí ìbẹ̀rù mọ́, tí kò yẹ kí a fi iṣẹ́ tó léwu lé lọ́wọ́, àti pé àwọn kan wà tí wọ́n bí ìgboyà mọ́. Wọ́n fi ìwé ìṣirò kan hàn mí tó to àwọn orílẹ̀-èdè láti orí èyí tó bẹ̀rù jù títí dé orí èyí tó láyà jù. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀?*

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú iṣẹ́ Geert Hofstede, ọ̀mọ̀wé ará Nẹ́dálándì nì, ni ìwé ìṣirò yẹn ti jáde. Òun ló yẹ ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM wò, èyí tí wọ́n gbà jọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láàárín ọdún 1967 sí 1973, tí ìwé ìbéèrè tó padà wọlé sì lé ní 100,000. Ọ̀kan lára ohun tó fi ìdáhùn wọ̀nyẹn wọ̀n ni bí ohun tí kò dáni lójú ṣe máa ń ni àwọn ènìyàn lára tó. Gíríìsì ló wà lókè téńté, Singapore ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá yín ṣì í kà, nítorí Hofstede fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àìdánilójú máa ni ènìyàn lára yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa bẹ̀rù ewu. Ewu ní orúkọ. A lè fojú díwọ̀n rẹ̀, a sì lè pinnu bóyá a ó gbà á mọ́ra tàbí a ó yà fún un. Àìdánilójú kò ní orúkọ. Ẹni tí kò lè fara dà á lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ewu tó mọ̀ dájú, kí ọkàn rẹ̀ ṣáà lè kúrò lójú kan. Nítorí náà, ẹni tí àwọn ọ̀gá yín ń pè ní ojo lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fò sínú odò.

Ìwádìí mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú tọ̀ wọ́n lọ. Ní ọdún 1998, Elke Weber àti Christopher Hsee gbé èsì iṣẹ́ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti bi àwọn ènìyàn ní Ṣáínà, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Pólándì léèrè iye tí wọ́n lè san láti dá òwò tó léwu lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá búra pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni yóò láyà jù. Àwọn ará Ṣáínà ni ó láyà jù nínú ọ̀rọ̀ owó. Àlàyé tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ṣe ni pé ẹni tí ẹbí àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ pọ̀, tó sì mọ̀ pé wọn yóò gbé òun dìde bí òun bá ṣubú, dà bí ẹni tó mọ̀ pé tìmùtìmù wà nísàlẹ̀ ibi tí òun dúró sí. Ewu kan náà kéré lójú rẹ̀ ju bó ṣe rí lójú ẹni tí ilẹ̀ líle ń dúró dè. Ẹ wo bí èyí ṣe yí ìbéèrè àwọn ọ̀gá yín padà. Kí wọ́n tó bèèrè irú ènìyàn tí òṣìṣẹ́ náà jẹ́, ó yẹ kí wọ́n bèèrè ohun tí iléeṣẹ́ tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó dáwọ́ lé ohun tuntun níléeṣẹ́ yín tí kò yọrí sí rere bá pàdánù ipò rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé gbogbo ènìyàn di ojo, láti orílẹ̀-èdè yòówù kí wọ́n ti wá.

Bí wọ́n bá sì ṣì ń jiyàn, ẹ sọ ìtàn iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà méjì ní Jàpáànì fún wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, sùnámì sì kọlu Fukushima Daiichi àti Onagawa ní ọjọ́ kan náà. Ní Fukushima, wọ́n ti gé òkè tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lulẹ̀ kí iléeṣẹ́ náà lè wà ní nǹkan bíi mítà 10 sókè òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà gan-an sì ti ṣírò ní ọdún 2008 pé omi lè ru kọjá mítà 15, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ohun tó jọjú sí i títí omi fi dé, tí ìjàǹbá núkílíà sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Jàpáànì gbé kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Kiyoshi Kurokawa kọ ọ́ ní ọdún 2012 pé ọwọ́ ènìyàn ló fà á. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, Kurokawa di ẹ̀bi ru àṣà ilẹ̀ wọn: ìgbọràn tí kò ní ìbéèrè nínú, àti ìlọ́ra láti yẹ ọ̀rọ̀ aláṣẹ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé gba ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé parí sí. Ṣùgbọ́n Onagawa sún mọ́ ojúko ìmìtìtì náà ju Fukushima lọ, ará Jàpáànì kan náà ló kọ́ ọ, àwọn ló sì ń darí rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Yanosuke Hirai, tí kò gbàgbé ìtàn sùnámì ọdún 869, ti ta kú nígbà tí wọ́n ń pète rẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 14.8, bí owó náà tilẹ̀ pọ̀. Omi tó dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 13. Ẹ̀rọ náà kú wọ́ọ́rọ́wọ́ bó ṣe yẹ, àwọn aládùúgbò tí omi gba ilé wọn sì sá wá forí pamọ́ sínú ọgbà iléeṣẹ́ náà gan-an. Ilẹ̀ kan ni, èdè kan ni, ìgbọràn kan náà sì ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Inú ilé kan ni ẹni tó ń jiyàn ti rí etí tó gbọ́ ọ.

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ọ̀gá wa kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀: "Má mú ìṣòro wá bá mi; ojútùú ni kí o mú wá." Nígbà tó kọ́kọ́ dé, orí wa wú. Ní báyìí, oṣù kẹta rèé tí ẹ̀rọ kan ti ń ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Gbogbo àwa tó wà nísàlẹ̀ la mọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ṣe lè tún un ṣe, nítorí náà kò sí ẹni tó lè lọ sọ. Àgbà ni ọ̀gá náà, ènìyàn rere sì ni. Ṣé àfojúdi ni bí mo bá lọ bá a?*

Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́tà yín yìí ló wọ̀ mí lára jù lọ nínú gbogbo èyí tó dé, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri yẹn wà ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, àwọn tó ń kọ ọ́ sì gbà tọkàntọkàn pé ìwúrí ni. Àwọn àgbà sọ pé ará ilé ẹni ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀gá yín ti sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ kòkòrò náà àfi bí wọ́n bá ti rí oògùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2000, àrá sán ní Albuquerque, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iná sì ṣẹ́ yọ ní iléeṣẹ́ Philips tó ń ṣe ṣíìpù fún fóònù alágbèéká. Iná náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi kú, ṣùgbọ́n èéfín àti omi ba àìmọye ṣíìpù jẹ́. Àwọn oníbàárà méjì tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Nokia ti Fínláǹdì àti Ericsson ti Súwídìnì. Philips sọ fún àwọn méjèèjì pé ìdádúró náà kò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní Nokia, àwọn tó ń bójú tó ohun èlò gbé ìròyìn náà lọ sókè lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ohun kékeré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣíìpù wọ̀nyẹn lójoojúmọ́. Nígbà tó fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan yóò di oṣù, àwọn ọ̀gá àgbà ti ń bá Philips sọ̀rọ̀ tààrà, wọ́n ti gba àyè ní àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ yòókù, wọ́n sì ti ń tún àwọn ṣíìpù kan yà kí àwọn mìíràn lè ṣe wọ́n. Ní Ericsson, àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ìròyìn kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ó tó dé etí àwọn tó lè ṣe nǹkan kan. Kò tún sí ṣíìpù tó kù láti rà. Ericsson kéde pé iná náà mú kí òun pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là, nígbà tó sì di ọdún 2001, ó ti da iṣẹ́ fóònù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Sony.

Kí ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ Nokia tó gbé ìròyìn náà lọ sókè kò ní ojútùú kankan lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara ògiri ọ̀gá yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tiwọn ì bá bá ti Ericsson lọ.

Ohun kejì tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni oṣù mẹ́ta yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣe ohun tí kò yẹ tí ilé kò sì tíì wó, ojú á mọ́ ọn, a ó sì máa pè é ní ìṣe rẹ̀. Diane Vaughan, onímọ̀ nípa àwùjọ, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Challenger, èyí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986 pẹ̀lú ènìyàn méje nínú rẹ̀. Òrùka rọ́bà tó yẹ kó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì pinpin ni òtútù mú le. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀bẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n má gbéra nínú òtútù bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn sì borí wọn. Ohun tí Vaughan rí burú ju ìpinnu alẹ́ ọjọ́ kan lọ: ní ọ̀pọ̀ ìrìn àjò tó ti kọjá ni iná ti jẹ àwọn òrùka náà lára, tí ọkọ̀ sì padà wálé láyọ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tó jẹ́ ìkìlọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ ti di ohun tí wọ́n ń retí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2003, Columbia, irú ọkọ̀ kan náà, tún ṣègbé pẹ̀lú ènìyàn méje mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, fóòmù tó máa ń já kúrò lára táńkì epo ló lu ìyẹ́ rẹ̀, fóòmù tó ti ń já láti ọjọ́ pípẹ́ tí ojú wọn sì ti mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ láìfi bò pé àṣà NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ni àwọn ọkọ̀ náà, jẹ̀bi ìjàǹbá náà bí fóòmù ṣe jẹ̀bi tó. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n bí iná náà bá jó díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oorun á kúkú gbé ènìyàn lọ.

Ní ti pé àgbà ni ọ̀gá yín, ọ̀wọ̀ dára, mi ò sì gbàgbọ́ pé ilé iṣẹ́ tí kò sí ọ̀wọ̀ sàn ju èyí tó ní in lọ. Ibi tí ọ̀wọ̀ ti di ewu ni ibi tó ti di ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù KLM kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra ní Tenerife, nínú kùrukùru, nígbà tí bàálù Pan Am ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà. Ẹnjiníà tó wà nínú yàrá awakọ̀ KLM bèèrè bóyá Pan Am ti kúrò lọ́nà. Ọ̀gá awakọ̀, ọ̀kan lára àwọn tí iléeṣẹ́ náà ń fi yangàn jù, dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnjiníà náà kò tún sọ̀rọ̀. Ènìyàn 583 ló kú. Láti ara ìjàǹbá bí irú èyí ni àwọn iléeṣẹ́ bàálù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ ní kíkọ́: kí ọmọ abẹ́ mọ bí a ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sì mọ bí a ṣe ń bèèrè. United Airlines bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1981. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ìdí ọ̀kan lára àwọn bàálù rẹ̀ bú gbàù lókè, ó sì gé gbogbo ọ̀nà tí awakọ̀ fi ń darí rẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Al Haynes, ọ̀gá awakọ̀ náà, jẹ́ kí àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ máa sọ èrò wọn, ó sì gba awakọ̀ mìíràn tó wọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò láyè láti wá di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. Nínú 296 tó wà nínú bàálù náà, 184 ló yè é. Títí Haynes fi dàgbà, ohun tó máa ń sọ ni pé òun nìkan kì bá tí lè gbé bàálù náà dé Sioux City. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ohun tí àwọn baba wa fi dá Ilé-Ifẹ̀ ló gbé bàálù yẹn sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wọlé tọ ọ̀gá yín lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ògiri rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i; ẹ sọ ohun tí ẹ bẹ̀rù pé ó lè yọrí sí; ẹ sọ ọ́ tààrà pé ẹ kò mọ ojútùú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi mú un wá sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ jù yín lọ. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni méjì lọ. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ènìyàn rere tí ẹ pè é yẹn, mo gbàgbọ́ pé kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ̀ ń ṣe.

*Ẹ kú iṣẹ́. Iléeṣẹ́ wa san owó ńlá fún ìwé ètò pàjáwìrì, ó nípọn, ó sì lẹ́wà. A tún ti dín ẹrù inú àká kù kí owó má bàa dì síbẹ̀. Ṣé a ti múra tó?*

Ìwé náà wúlò bí ẹ bá ti fi dánra wò, tí àwọn tó máa lò ó sì ti ṣàṣìṣe nínú ìdánrawò náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àká ló ṣòro díẹ̀. Toyota ló sọ àìkó ẹrù pamọ́ di ìmọ̀ fún gbogbo ayé, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ewu inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1997, iná jó iléeṣẹ́ Aisin Seiki ní Kariya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun kékeré kan tó wà nínú bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ Toyota. Ẹrù ọwọ́ wọn kò pọ̀ rárá, iṣẹ́ sì dúró káàkiri. Àwọn iléeṣẹ́ tó lé ní 60 dìde láti bá wọn ṣe é, títí kan àwọn tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, wọ́n gba àwòrán, wọ́n yá ẹ̀rọ, wọn kò sì dúró kí wọ́n kọ́kọ́ ná owó rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ ti tún ń jáde. Kò sí ìwé ètò kan tó kọ èyí sílẹ̀ ṣáájú. Ohun tó gbà wọ́n ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń yanjú ìṣòro ara wọn pọ̀, tí ẹnì kan kò sì rẹ́ èkejì jẹ nígbà tí ara dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí iná bá jó yín lọ́la, mélòó nínú àwọn tí ń tajà fún yín ni yóò dìde? Bí ẹ bá ti fún wọn lọ́rùn lórí owó títí wọn fi kórìíra yín, ẹ tètè kó ẹrù padà sínú àká.

*Olóòtú, ọ̀rọ̀ yín dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà ni mí, mo sì ti rí ohun tí àìbìkítà lè fà. Bí a bá ń forí ji gbogbo ẹni tó ṣàṣìṣe kí wọ́n lè máa sọ òtítọ́, ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ wọn láti máa ṣe é nìṣó?*

Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, èmi náà kò sì gbà pé kí a forí ji gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amy Edmondson, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, nínú iṣẹ́ yín gan-an. Ní àwọn ọdún 1990 ló ń wádìí àṣìṣe nínú fífún aláìsàn ní oògùn, ó sì retí pé ẹ̀ka tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá mọwọ́ ara wọn jù ni àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré jù. Òdìkejì rẹ̀ ni ìṣirò fi hàn. Nígbà tó tún wò ó dáadáa, ó rí i pé àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn kò ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ni wọ́n ń sọ tiwọn. Ní ibi tí olórí ẹ̀ka ti ń fi àṣìṣe bú ènìyàn, ìwé mọ́ tónítóní, aláìsàn sì ń jìyà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ti bí a ṣe lè ya aláìbìkítà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ṣàṣìṣe, James Reason, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tan ìbéèrè kan ká tí mo fẹ́ràn púpọ̀: bí a bá fi ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ dáadáa sí ipò ẹni yìí, ní wákàtí yẹn, pẹ̀lú àárẹ̀ yẹn àti irú ìgò oògùn méjì tó jọra yẹn, ṣé òun náà kò ní ṣe é? Bí ó bá ṣeé ṣe kó ṣe é, ìyà tí ẹ bá fi jẹ nọ́ọ̀sì náà kò ní dá àṣìṣe tó ń bọ̀ dúró, ìgò ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ìgbésẹ̀ tó mọ̀ pé ó ń dáàbò bo aláìsàn, láìsí ohun tó fipá mú un, ẹ bá a wí, kí gbogbo ilé sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà ti ní ètò kan láti ọdún 1976, tí NASA ń bójú tó, níbi tí wọ́n ti lè jẹ́wọ́ àṣìṣe láìjẹ́ kí orúkọ wọn hàn. Òfin sì dáàbò bo ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyà, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rúfin tàbí tó hu ìwà ọ̀daràn. Ọwọ́ òsì tó ń báni wí àti ọwọ́ ọ̀tún tó ń fani mọ́ra wà nínú ètò kan náà.

*Ọ̀rẹ́ wa òǹkọ̀wé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí níbi tí ìbẹ̀rù ti jọba fún ogún ọdún. Ṣé àṣà irú ilé bẹ́ẹ̀ lè yí padà, tàbí kí n kàn máa retí ìgbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì?*

Ó lè yí padà, àwọn tó ń wò yín kò sì ní dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ohun tí ẹ bá ṣe sí ẹni àkọ́kọ́ tó mú ìròyìn burúkú wá ni wọn yóò fi mọ̀ yín. Nígbà tí Paul O'Neill di olórí Alcoa, iléeṣẹ́ alumíníọ̀mù, ní ọdún 1987, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àwọn onípìn-ín sọ ni pé ààbò òṣìṣẹ́ ni òun yóò kọ́kọ́ mójú tó, ẹ̀rù sì ba àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ èrè. Ó pàṣẹ pé bí ẹnikẹ́ni bá fara pa níbikíbi, olórí ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ fi tó òun létí láàárín wákàtí 24. Kí ìròyìn tó lè rìn bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó di dandan kí olórí ẹ̀ka máa bá máníjà sọ̀rọ̀, kí máníjà máa bá fóòmàn sọ̀rọ̀, kí fóòmàn sì mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀nà kan tó là fún ìròyìn ìfarapa ni àwọn ìròyìn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Nígbà tó tún hàn pé ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dára gan-an ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èéfín tó ṣe òṣìṣẹ́ léṣe kú sí ẹ̀ka rẹ̀, O'Neill ní kó máa lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi wà lórí ipò náà ni pé ohun tí ẹ kọ́ yìí lè bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, àní nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa. Nokia tí mo fi yangàn lókè yìí, tí ìròyìn iná kékeré ti tètè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún 2000, òun náà ni Timo Vuori àti Quy Huy padà lọ wádìí, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn máníjà àti onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu wò. Ní àwọn ọdún tí iPhone dé, àwọn ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ń bẹ̀rù àwọn abánidíje àti àwọn onípìn-ín, wọ́n sì ń fi ìbínú lé àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn ọ̀gá àárín ń bẹ̀rù àwọn ọ̀gá àgbà. Wọ́n mọ̀ pé ètò tí fóònù wọn ń lò kò lè bá ti Apple dọ́gba, wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó wà lókè pé gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Nokia kéde pé òun yóò ta iṣẹ́ fóònù rẹ̀ fún Microsoft.